Ohun Tó Bu Eduviges Jẹ Nínú Ìsun

Eduviges kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun kan ti bu òun jẹ. Aṣọ funfun tó ń fọ̀ ló sọ fún un. Ó rí i tí pupa ń tàn kálẹ̀ lára rẹ̀ bí osùn tó bọ́ sómi, ó rò pé àwọ̀ aṣọ mìíràn ló ń ṣí. Nígbà tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè ló rí i pé ẹran orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìrora tó dé.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, ó tẹjú mọ́ omi. Ìsun Santa Inés mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Àìsí nǹkan kan yẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá a. Láti kékeré rẹ̀ ni Inesita, ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi nínú ìsun yìí, ti máa ń yí ọwọ́ afọṣọ ká bí ọmọdé ṣe ń yí ìyá tó ti ọjà dé ká. Láàárọ̀ yìí, kò rí ẹyọ kan. Nígbà tí òjìji kan yọ́ kọjá lábẹ́ gbòǹgbò igi etí omi, tó gùn tó apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́, ó kó aṣọ rẹ̀ ní tútù, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi mọ́, gbogbo ìlú ti mọ ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Bàbá Nabor ni wọ́n fi ṣọ́ ìsun, ọwọ́ Bàbá Nabor ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀yìn ilé Bàbá Nabor ni wọ́n sì ti rí ọ̀rá tí àwọn tó ń ta ẹja ìwòran fi ń di ẹja fún oníbàárà. Wọ́n ní tí Máàsì ọjọ́ Àìkú bá parí, ìlú á pé jọ, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bàbá náà, wọ́n á sì lé e kúrò nínú yàrá kan tó ń gbé lẹ́nu géètì. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Kò ní yàrá mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn ni Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá Refugio Arámbula sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti olú ìlú àgbègbè náà, ó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kúkúrú ni, kì í yára rìn, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé ó ń tòògbé. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀ kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá Nabor mú un yí ìsun ká. Ọgbà irin yí gbogbo rẹ̀ po, géètì kan ṣoṣo ló ní. Láràárọ̀ ni bàbá náà ń ṣí i fún àwọn afọṣọ, tó ń jókòó sẹ́nu rẹ̀ lórí àpótí, tó sì ń yẹ inú ẹrù gbogbo ẹni tó bá wọlé wò.

"Bàbá, ta ló lè gbé ẹja wọ ibí yìí kí ẹ má rí i?"

"Kò sí."

"Tí ẹ bá sùn ńkọ́?"

"Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn sí. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, orogún òun ló máa ń pè é."

Refugio rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń dáhùn yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi okùn dè."

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá máa purọ́ ni?" Bàbá náà tẹ̀ ba, ó ṣí korobá kan tó fi páànù bò. "Wo ohun tí mo rí nínú àwọ̀n mi láàárọ̀."

Ẹja ibẹ̀ kò gùn ju ìka lọ. Ara rẹ̀ funfun, ó ní àmì dúdú tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn. Ẹnu rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Refugio ki ìka bọ omi. Ẹja náà kò sá. Ńṣe ló yíjú sí ìka náà, ó dúró, ó ń wò ó.

"Ọmọ ni èyí," ni Bàbá Nabor wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí Inesita ti ń dín kù. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì."

"Ọ̀rá ẹ̀yìn ilé yín ńkọ́?"

Bàbá náà bo korobá padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pa ìbéèrè jẹ, Refugio sì fi í sọ́kàn.

Kó tó kúrò, ó fẹsẹ̀ rìn yí ẹ̀yìn ọgbà irin náà ká níta, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Igi gúrófà kan wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, koríko ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, kò fẹ̀ ju bàtà méjì lọ. Àwọn èèrà ń tò kúrò níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ru hóró pupa roboto kan tó ju orí rẹ̀ lọ. Refugio já ẹrù gbà lórí èèrà kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹja gbígbẹ.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. "Refugio, ẹja ni àbí àkàn?"

"Ẹja ni, ọ̀gá. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wá Fidencio lọ sí ọjà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ẹja ìwòran ni, láàárín ẹni tó ń ta bàtà àti ẹni tó ń ta ata gbígbẹ. Ó so ọ̀rá ẹja kọ́ sórí igi bí ẹni sá aṣọ. Refugio gbé ìgò tó fi ẹja kékeré náà sí síwájú rẹ̀. Fidencio fà sẹ́yìn.

"Níbo lẹ ti rí èyí, ẹ̀gbọ́n?"

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú àwa tó ń ta ẹja? Tó bá kéré, ó rẹwà. Ọdún kan, ó ti jẹ gbogbo ẹja tí ẹ jọ rà á. Ọdún méjì, á fẹ́ jẹ ẹ̀yin náà. Lẹ́yìn náà ni oníbàárà á wá bẹ̀ mí pé kí n gbà á padà. N kì í gbà á. Mo ti ṣíwọ́ títà á."

"Hóró yìí ńkọ́?"

"Oúnjẹ wọn ni. Kò síbi tí wọn kì í tà á."

Refugio na ọ̀rá tí wọ́n rí lẹ́yìn ilé Bàbá Nabor sí i. Rọ́bà aláwọ̀ ewé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Fidencio wo rọ́bà yẹn, ó wo ojú ọ̀nà, ó tún wo rọ́bà.

"Tèmi ni," ló wí níkẹyìn. "Èmi nìkan ló ń lo rọ́bà aláwọ̀ ewé."

"Ta lo tà á fún?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá náà kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Mi ò béèrè ìwà ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ."

"Bàbá Nabor ni. Oṣù kẹjọ, ẹja méjì."

Ẹja méjì, akọ àti abo sì lè wà nínú wọn. Ẹlòmíràn ì bá ti lọ fi ẹ̀wọ̀n sí bàbá náà lọ́wọ́. Refugio ra gúrófà, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó ń wo èèrà tó ń kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán ló padà lọ sí ẹnu géètì.

"Bàbá, ẹja méjì tẹ́ ẹ rà, níbo ni wọ́n wà?"

Bàbá Nabor jókòó. Ó fọwọ́ tọ́ka sí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. "Abẹ́ ibẹ̀. Ẹja pupa kékeré ni wọ́n. Ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ mi ni mo rà wọ́n fún. Ọjọ́ kejì, wọ́n kú sí mi lọ́wọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣọ́ ẹja gbogbo ìlú. Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún pé mi ò lè tọ́jú méjì nínú abọ́? Mo sin wọ́n. Mo fi ọ̀rá náà bo irúgbìn."

Refugio mú ṣọ́bìrì. Nígbà tó walẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, ó rí egungun méjì, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ aṣọ. Ó bò wọ́n padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ gbọ́, bàbá. Ẹni tó fẹ́ ba omi jẹ́ kì í bọ́ ẹja. Á da nǹkan síbẹ̀, á sá lọ, kò ní padà. Ẹni tí mò ń wá ń wá síbí lójoojúmọ́. Ó ń dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń ju oúnjẹ wọlé láàárín irin. Mo rò pé olè tàbí ọ̀tá ni mò ń wá, àṣé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ wọn ni. Ìyẹn sì burú jù, torí pé olè máa ń mọ̀ pé òun jalè."

"Ta ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Mi ò sì tíì mọ bó ṣe gba iwájú yín kọjá."

Ẹnì kan ṣì kù tí kò tíì bá sọ̀rọ̀: Evaristo Cedano, alága ìgbìmọ̀ ìlú, tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ń fi ariwo pe ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Refugio wọlé nígbà tí ọ̀sán ku díẹ̀ kó pọ́n, ó ní òun fẹ́ ra oògùn orí fífọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Evaristo wí. Ọkùnrin gíga tó mọ́ tónítóní ni. "Ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì tún ń fẹ́ ìwádìí ni? Bàbá yẹn ti dàgbà. Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kó sinmi."

"Níbo ló máa sinmi sí, Alága?"

"Ọlọ́run ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀." Ó ń ka oògùn sínú ìwé, kò gbójú sókè.

Refugio ń wo ṣọ́ọ̀bù. Ère Màríà kan dá dúró lórí tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kéré sí tábìlì náà bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ju ibi tó kù lọ, ó mọ́ ní ìrísí àpótí gígùn kan. Lókè rẹ̀ ni fọ́tò ọmọbìnrin kan wà, tó wọ kóòtù nínú yìnyín.

"Ọmọ yín?"

"Yadira. Ó wà ní Chicago. Ọdún kẹta rèé." Ojú rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó ń pè mí lójoojúmọ́."

Ìgbà náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù fún ọ̀sán gangan. Ọwọ́ Evaristo dìde fúnra rẹ̀. Ó mú agolo kan lábẹ́ káńtà, ó fi òrùka rẹ̀ lù ú: kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ẹnì kan ń wo òun. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

"Àṣà lásán," ló wí, ó sì fi agolo pamọ́.

"Kò burú," ni Refugio wí. Ó gba oògùn rẹ̀, ó jáde. Kò lo oògùn náà. Orí kò fọ́ ọ.

Ó bá Eduviges nílé, ìka rẹ̀ nínú báńdéèjì funfun, tó ń fi ọwọ́ kejì yí tortilla, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, lórí iná. Opó ni, ó ti tó ọdún mẹ́jọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ehín ohunkóhun tó wà nínú omi lọ.

"Ẹ jókòó, Sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹun. Ẹ rù."

"Mi ò rù o."

"Mo mọ̀. Àpọ́nlé ni."

Wọ́n jẹun. Refugio ní, "Ìyá, ọjọ́ wo lọ́dún ni Bàbá Nabor kì í yẹ ẹrù wò?"

"Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá yẹn á yẹ ẹrù Póòpù wò." Eduviges yí tortilla. "Àfi Sátidé Ògo."

Sátidé Ògo ni Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí gbogbo ìlú ń fi korobá da omi síra wọn lára láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Géètì ìsun máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ náà, kí àwọn èèyàn lè wá pọnmi. Olùṣọ́ náà sì máa ń rin gbindingbindin bíi ti gbogbo èèyàn.

"Lọ́dún yìí, ta ló da omi sí yín lára?"

Eduviges gbé tortilla kúrò lórí iná kó tó jóná. "Ẹni tí mo fẹ́ kó dà á kò dà á."

"Ta ni?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Evaristo ni. Òun náà ò láya, èmi náà ò lọ́kọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, ẹni tó bá wu èèyàn lèèyàn ń da omi sí lára. Mo wọ aṣọ tuntun. Mo dúró sẹ́nu géètì. Ó ń bọ̀, ó gbé korobá ńlá dání, ó kún dé ẹnu, ó fi aṣọ bò ó. Mo ní ọjọ́ òní dé. Mo dijú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. "Mo dijú títí, Sájẹ́ǹtì. Nígbà tí mo lajú, ó ti kọjá lára mi. Ẹ̀kán omi kan kò ta sí mi lára. Mo ní, ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, èmi ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi mí sí."

Refugio gbé àwo sílẹ̀. "Ibo ló kọrí sí?"

"Ọgbà ìsun."

"Ó ń wọlé lọ ni, àbí ó ń jáde bọ̀?"

"Ó ń wọlé lọ."

"Korobá náà kún."

"Ó kún, mo ti wí. Ó ń..." Eduviges wo ìka rẹ̀. Epo ta lórí iná, kò sí ẹni tó bojú wò ó.

"Òfìfo ni gbogbo ìlú ń gbé wọlé lọ́jọ́ náà," ni Refugio wí pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ń kún un jáde. Ìyá, ta ló ń ru omi lọ sódò?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Refugio bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ìpàdé náà létí ìsun. Ìlú pé. Ìkùukùu dúdú ń bọ̀ láti orí òkè, atẹ́gùn kò fẹ́, omi náà dákẹ́ bíi pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá Nabor dúró sẹ́nu géètì, ó ti bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n má baà fipá gbà á. Okùn rẹ̀ ti fá ìlà funfun yí ọrùn rẹ̀ ká.

Evaristo sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní kò sí ẹni tó kórìíra bàbá. Ó ní ìka obìnrin kan ti lọ, bó bá di ọ̀la, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé. "Ẹni tó bá fọwọ́ sí i kó nawọ́ sókè."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága," ni Refugio wí. "Ọ̀sán ku díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agogo lù ná."

"Kí ni agogo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ máa wò ó."

Wọ́n dúró. Agogo lù. Refugio yọ agolo òfìfo kan nínú báàgì rẹ̀, ó fi owó ẹyọ lù ú: kó, kó, kó.

Omi náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni òkùnkùn abẹ́ gbòǹgbò já kúrò lára gbòǹgbò, ó ń bọ̀. Ẹja ńlá méjì alámì dúdú gòkè wá sójú omi, wọ́n la ẹnu, wọ́n kọjú sí ibi tí agolo ti dún. Àwọn obìnrin fà sẹ́yìn. Evaristo nìkan ni kò fà sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ sún mọ́ etí omi láìmọ̀, ètè rẹ̀ sì mì.

"Canela," ló wí, bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ní agolo," ni Refugio wí. "Nínú àpótí gíláàsì tó wà níbi tí ère Màríà wà báyìí. Agogo ọ̀sán, agolo, oúnjẹ. Ẹ gbé wọn wá ní Sátidé Ògo nínú korobá tó kún. Láti ìgbà náà, ẹ ń wá sẹ́yìn ọgbà, ẹ ń bọ́ wọn."

"Yadira ló ni wọ́n." Ohùn ọkùnrin náà ti di ti ẹlòmíràn. "Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ. Bí àtàǹpàkò ni wọ́n rí. Wọ́n jẹ gbogbo èyí tó kù tán, wọ́n wá ń forí gbá gíláàsì. Kí ni kí n ṣe? Kí n dín wọn? Lójoojúmọ́ ni ọmọ mi ń béèrè wọn. Mo sọ fún un pé wọ́n wà nínú omi tó dára, pé àyè gbà wọ́n."

"Ẹ sì jẹ́ kí Bàbá Nabor rù ú."

Evaristo wo bàbá náà, kò lè wò ó pẹ́. "Méjì péré ni mo dà sílẹ̀," ló wí. "Méjì péré, Sájẹ́ǹtì."

Ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Refugio kò wò ó. Omi ló ń wò. Lẹ́yìn àwọn ńlá méjì náà, kékeré mẹ́wàá ti gòkè wá, lẹ́yìn mẹ́wàá, ogún. Wọ́n ń ti abẹ́ gbogbo òkúta jáde, gbogbo wọn kọjú sí agolo, gbogbo wọn la ẹnu. Ó kà wọ́n dé ọgọ́ta, ó ṣíwọ́. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn wọ̀nyí. Àwọn òbí wọn ló kọ́ wọn.

"Ta ló fọwọ́ sí i kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́?" ni Refugio béèrè.

Kò sí ọwọ́ kan tó nà sókè. Bàbá Nabor fi okùn kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn padà, lórí ìlà funfun rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Omi lòun náà ń wò.

Eduviges ló kọ́kọ́ rìn. Ó mú korobá kan lẹ́nu géètì, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ òsì bu omi títí ó fi kún, ìka báńdéèjì rẹ̀ nà sókè kó má baà kàn án. Ó rìn lọ bá Evaristo. Ọkùnrin náà rí i tó ń bọ̀, kò sá. Ó dijú.

Obìnrin náà da gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

"Ó pẹ́," ni Eduviges wí, "àmọ́ mi ò gbàgbé."

Omi náà ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ó gba èjìká, ó gba sòkòtò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tàn yí bàtà dúdú rẹ̀ ká lórí òkúta. Ẹja alámì mẹ́rin ń ta pọ́nún-pọ́nún nínú rẹ̀, wọn kò gùn ju èékánná lọ. Bàbá Nabor kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò dáadáa kó tó jù ú sínú korobá, bóyá ó lè rí Inesita aláwọ̀ fàdákà kan láàárín wọn.

Kò rí.